Àdán, Òòbẹ̀ àti Bóòtù Kan

Bí a kò bá rí àdán, a ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí. Ìyá mi a máa pa á bí kò bá sí tẹ̀tẹ̀ lọ́jà tí wọ́n sì ra ṣọkọ bọ̀ wálé. Àbúrò mi pàápàá pa á lọ́jọ́ tó wọ bàtà mi lọ sílé ẹ̀kọ́ láìtọrọ. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, òwe náà ti parí ọ̀rọ̀: ohun tí à ń wá kò sí, ohun tó jọ ọ́ wà nílẹ̀, ẹ jẹ́ ká lò ó. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ títí di ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ tó kọjá, nígbà tí mo fi bóòtù kan rọ́pò òmíràn nínú bíréèkì alùpùpù àtijọ́ kan, tí n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nìyí: nígbà wo ló tọ́ kí a fi ohun tí a rí lọ́jà rọ́pò ojúlówó nínú ohun tí ẹ̀mí ènìyàn rọ̀ mọ́, ta ló sì yẹ kó mọ̀ pé a ti pààrọ̀ rẹ̀?

Àbúrò ìyá mi ọkùnrin ń ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì alùpùpù ní Ìbàdàn. Nílé, Bọ̀dá ni mo ń pè wọ́n. Ní ibi iṣẹ́, Ọ̀gá ni, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ iṣẹ́ yòókù ṣe ń pè wọ́n, mo sì mọ̀ pé bí mo bá ṣèèṣì pè wọ́n ní Bọ̀dá níbẹ̀, wọn kò ní dáhùn. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo máa ń lọ bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti wọlé ìsinmi.

Alùpùpù tí mò ń sọ jẹ́ Honda kan tí bàbá àgbàlagbà kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, rà ní 1975. Bàbá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Owó Udoji ni wọ́n fi rà á. Ẹ̀yin àgbà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ mi lè máà mọ̀: ní 1974, ìgbìmọ̀ kan tí Jerome Udoji jẹ́ alága rẹ̀ dábàá pé kí ìjọba fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Nígbà tí wọ́n san àfikún àwọn oṣù tó ti kọjá, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ gba owó tí wọn kò gbà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rí, wọ́n sì fi ra rédíò, fíríìjì àti alùpùpù. Rédíò àti fíríìjì ìgbà náà ti di ohun ìgbàgbé. Alùpùpù Bàbá Tíṣà ṣì ń rìn. Wọn kì í sọ pé “alùpùpù mi”. “Ojúlówó” ni wọ́n ń pè é, bí ẹni ń pe orúkọ ọmọ. Wọn a ní, “Mo ń gbé Ojúlówó bọ̀ lọ́sàn-án.”

Kí n tó sọ ohun tí mo ṣe, ó yẹ kí n ṣàlàyé bí bíréèkì ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá ń ka èyí lè rò pé bóòtù lásán ni mo ń fi pariwo. Inú họ́ọ̀bù táyà ẹ̀yìn ṣófo bí inú ìlù. Ṣúù méjì tí wọ́n tẹ̀ bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé wà nínú rẹ̀, wọ́n sì jókòó sára ọmọrí kan tí kì í bá táyà yí. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ pẹ́dàlì, irin tín-ín-rín kan á fa apá kékeré kan, apá náà á ti àwọn ṣúù náà síta, wọn á sì máa fi ara gbo inú họ́ọ̀bù. Gbígbo yẹn ló ń dá táyà dúró. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: họ́ọ̀bù ń yí, ṣúù ti dì mọ́ ọn, kí ni kò ní jẹ́ kí họ́ọ̀bù gbé ṣúù àti ọmọrí rẹ̀ yí lọ? Irin gbọọrọ kan ni. Orí rẹ̀ kan wà lára ọmọrí yẹn, ìkejì wà lára apá tó gbé táyà ẹ̀yìn dání. Bóòtù kan níhìn-ín, bóòtù kan lọ́hùn-ún. Agbára tó ń dá táyà ẹ̀yìn dúró, ara bóòtù méjèèjì yẹn ló ń gbà kọjá, ìbáà jẹ́ pé ẹnì kan ló wà lórí alùpùpù tàbí ènìyàn méjì àti àpò gaàrí kan. Bí ọ̀kan bá já, ọmọrí á bá táyà yí, á fa irin bíréèkì wé mọ́ra. Bíréèkì á lọ, tàbí kí táyà há lójijì, ìyẹn sì lè burú ju kí bíréèkì má sí lọ.

Bóòtù tó wà níbẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe alùpùpù náà ní bó ṣe rí. Ara rẹ̀ dán níbi tí irin gbọọrọ náà ti jókòó lé e, kò ní tírẹ́ẹ̀dì níbẹ̀. Ìparí rẹ̀ nìkan ló ní tírẹ́ẹ̀dì, ihò kékeré kan sì wà níbẹ̀ fún píìnì tí kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tì tú.

Ní ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ṣúù ẹ̀yìn ti jẹ tán. Bàbá Tíṣà ní àwọn ní ṣúù ojúlówó kan tí àwọn ti tọ́jú láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n wá a títí, wọn kò rí i. Wọ́n gbà kí Ọ̀gá fi ti ọjà sí i, inú wọn kò sì dùn sí i. Ọ̀gá lọ síbi ìsìnkú kan ní Ọ̀yọ́, wọ́n ní kí n tú táyà, kí n pààrọ̀ ṣúù, kí n tò ó padà. Bóòtù ọ̀hún ti dípẹtà mọ́ ibi tó wà. Mo fi epo sí i, mo gbá a, mo fi sípánà gùn ún. Ó kán.

Agolo pẹ́ńtì kan wà ní ibi iṣẹ́ wa tó kún fún bóòtù àtijọ́. Mo dà á sílẹ̀. Bóyá ìgbà ogún ni mo dán bóòtù wò kí n tó rí èyí tó wọlé. Ó wọlé gẹ́ẹ́. Tírẹ́ẹ̀dì wà lára rẹ̀ láti ìdí dé orí, kò ní ihò píìnì, kò sì sí àmì kankan lórí rẹ̀. Mo dì í le, mo gbé alùpùpù lọ, mo gbé e bọ̀, mo tẹ bíréèkì, ó dúró. Inú mi dùn. Mo rò pé mo ti di ọ̀gá.

Nígbà tí Ọ̀gá dé ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n béèrè pé, “Ṣé ó ti parí?”

Mo ní, “Ó ti parí, sà.”

Bàbá Tíṣà fún mi ní owó gúgúrù, wọ́n súre fún mi, wọ́n sì gbé Ojúlówó wọn lọ.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni mo tún rí wọn. Mò ń gun òkè Màpó lọ, àwọn ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Ọmọọmọ wọn obìnrin kan, tí kò lè ju ọmọ ọdún méje lọ, jókòó sẹ́yìn wọn pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi ọwọ́ méjèèjì di wọ́n níkùn. Ẹni tó bá mọ Màpó mọ bí ọ̀nà ibẹ̀ ṣe dà gẹ̀rẹ́ tó. Bàbá juwọ́ sí mi. Èmi kò wo ojú wọn, táyà ẹ̀yìn ni mò ń wò. Títí wọ́n fi kọjá, tí mo sì ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì wọn nísàlẹ̀, n kò lè gbé ẹsẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo mú ìwé físíìsì mi, mo fi ìmọ̀ ìṣirò díẹ̀ yẹ ohun tí mo ṣe wò. Bóòtù mílímítà 8 ni. Níbi tí ara rẹ̀ bá dán, ìbú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 8 gan-an. Ṣùgbọ́n níbi tí tírẹ́ẹ̀dì bá wà, irin tó kù ní ìsàlẹ̀ àwọn ìlà náà kò pé mílímítà 7. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin irin náà tí kò sí níbẹ̀ mọ́, ibi tí irin gbọọrọ ti ń fà á gẹ́lẹ́ ni n kò sì fi irin pípé sí. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ àmì. Bóòtù tó dára máa ń ní nọ́ńbà lórí. Bí o bá rí 8.8, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé yóò tó nǹkan bí 800 niútìnì lórí mílímítà alópo méjì kan kó tó já. Bí o bá rí 4.6, ìlàjì agbára yẹn ni. Bí kò bá sí nọ́ńbà rárá, bí èyí tí mo lò, kò sí ohun tí o lè sọ nípa rẹ̀ ju pé ó wọ ihò lọ. Èyí tó ń dán bíi dígí, tí kì í dípẹtà, tí àwọn tó fẹ́ràn ẹwà máa ń rà, pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ dára jù: èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn kò tó 8.8 lágbára. Gbogbo èyí wà nínú ìwé. Mi ò wò ó kí n tó mú sípánà.

Ọjọ́ Ajé ni mo sọ fún Ọ̀gá. Wọn kò sọ̀rọ̀ sí mi. Wọ́n mú fóònù, wọ́n ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gùn ún mọ́, sà. A ń bọ̀ wá bá yín.” A rìn lọ. Nígbà tí a tú bóòtù náà, tírẹ́ẹ̀dì mẹ́ta ti jẹ pẹlẹbẹ níbi tí irin ti ń gbo ó, ihò tó wà lára irin gbọọrọ náà kò sì rí roboto mọ́. Kò tíì já. N kò lè sọ iye ọjọ́ tó kù kó já, ó sì lè jẹ́ pé ọdún méjì ni. Mo ti rò ó pé bóyá ìyẹn dín ẹ̀bi mi kù. Kò dín in kù, nítorí pé lọ́jọ́ tí mo dì í, n kò mọ̀ bóyá ọjọ́ méjì ni tàbí ọdún méjì.

Lójú ọ̀nà bí a ṣe ń bọ̀, Ọ̀gá ní, “Bóòtù kọ́ ló ń bí mi nínú. ‘Ó ti parí’ tí o sọ yẹn ni.”

Mo ti rò ó tẹ́lẹ̀ pé n kò purọ́. Iṣẹ́ ti parí lóòótọ́: táyà wà níbẹ̀, ṣúù tuntun wà nínú rẹ̀, kò sí nọ́ọ̀tì kankan tó ṣẹ́ kù sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ibi iṣẹ́ mẹkáníìkì, “ó ti parí” kì í ṣe ọ̀rọ̀ nípa nọ́ọ̀tì. Ohun tí ẹni tó gbọ́ ọ gbọ́ ni pé, “Ká ní ẹ̀yin fúnra yín lẹ ṣe é, báyìí lẹ ò bá ṣe é.” Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìdí tí n kò fi sọ̀rọ̀ bóòtù náà gan-an ni pé mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́, wọn á ní kí n tú u. Nítorí náà, mo gbà pé irọ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tí kì í ṣe òótọ́.

Ibí yìí ni mo ti padà sórí òwe àdán àti òòbẹ̀, mo sì rí i pé àwa tí à ń pa á kò gbọ́ ọ tán. Òwe náà kò ní kí a fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ó ní bí a kò bá rí àdán. Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ti wá àdán. Èmi kò wá nǹkan kan. Bí a bá wọ mọ́tò láti ibi iṣẹ́ wa, kò pẹ́ kí a tó dé Gate, níbi tí àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ àti alùpùpù pọ̀ sí, agolo pẹ́ńtì ni mo sì kọjú sí nítorí pé òun ló sún mọ́ mi jù. Ẹ tún wo òòbẹ̀ fúnra rẹ̀. Kì í ṣe ohunkóhun tó bá ṣáà ti ń fò. Ológoṣẹ́ ń fò, adìyẹ ní ìyẹ́, kò sẹ́ni tó ní kí a fi wọ́n rọ́pò àdán. Òòbẹ̀ kéré sí àdán, ṣùgbọ́n ìbátan rẹ̀ ni. Ẹni tó yàn án ti kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé kí ni ẹbọ yìí ń fẹ́ lára àdán gan-an. Èmi bi ihò ní ìbéèrè, n kò bi ẹbọ. Ihò ní ohun tí òun ń fẹ́ ni ohun tó fẹ̀ tó mílímítà 8. Ìyẹn kọ́ ni bíréèkì ń fẹ́.

Èmi kì í ṣe ọmọ babaláwo, ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí gbogbo wa mọ̀: bí wọ́n bá rúbọ tán, wọn a da obì láti mọ̀ bóyá ẹbọ náà gbà. Wọn kì í kàn gbé e kalẹ̀ kí wọ́n sì máa lọ. Ẹlẹ́bọ sì wà níbẹ̀. Ó fi ojú ara rẹ̀ rí i pé òòbẹ̀ ni, kì í ṣe àdán, òun náà ló sì ń gbọ́ ohun tí obì wí. Ẹlẹ́bọ tèmi wà nílé rẹ̀, ó ń jẹ àmàlà, ó gbà pé àdán ni mo fi rúbọ.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti yanjú síbẹ̀, pé ojúlówó ni ká máa lò, ká sì máa sọ òótọ́ bí a kò bá lò ó. Bàbá Tíṣà ló dà á rú mọ́ mi lójú. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tí mo ṣe, mo dọ̀bálẹ̀, mo rò pé ọ̀rọ̀ pé mo bò ó mọ́lẹ̀ ló máa dùn wọ́n jù. Rárá o. Ohun tó dùn wọ́n ni pé nǹkan tí kì í ṣe ti Honda ti wọ ara Ojúlówó. Wọ́n wọ inú ilé lọ, wọ́n pẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì mú náílọ́ọ̀nù kan jáde. Ìyàwó wọn ti bá wọn rí ṣúù tí wọ́n ń wá, nínú àpótí aṣọ, tí wọ́n fi ìwé ìròyìn tó ti pọ́n wé. Wọ́n ní kí Ọ̀gá yọ ṣúù ọjà yẹn kúrò lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n fi èyí sí i. “Èyí ni àdán,” ni wọ́n wí. Mo ti sọ òwe náà fún wọn, mo sì kábàámọ̀ pé mo sọ ọ́.

Ọ̀gá kọ̀. Wọ́n ní, “Bàbá, ẹ má bínú, sà. Ẹ̀yin lẹ ni alùpùpù, ṣùgbọ́n ọmọ yìí ló máa ṣí i lọ́dún tó ń bọ̀.”

Ohun tí wọ́n ń sọ ni asbestos. Ní ìgbà tí wọ́n ṣe ṣúù yẹn, asbestos wọ́pọ̀ púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ṣúù bíréèkì, nítorí pé iná kì í ràn án. Bí ṣúù bá ti ń gbo họ́ọ̀bù, á máa di lẹ́búlẹ́bú, lẹ́búlẹ́bú náà á máa dúró sínú họ́ọ̀bù de ẹni tó máa ṣí i. Ẹni tó bá fà á símú lè ní àrùn ẹ̀dọ̀fóró tàbí jẹjẹrẹ, ó sì lè gba ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó farahàn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin de lílo rẹ̀ pátápátá ní 1999, àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní 2005. Ojú lásán kò lè sọ bóyá ó wà nínú ṣúù kan pàtó, Ọ̀gá kò sì búra pé ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n rántí bí àwọn ṣe ń fi ẹnu fẹ́ lẹ́búlẹ́bú dànù nígbà tí àwọn jẹ́ ọmọ iṣẹ́, tí ọ̀gá tiwọn náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn, aṣọ tútù ni a fi ń nù ún. Yàtọ̀ sí èyí, ṣúù tó ti wà nínú àpótí fún ọdún tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, gọ́ọ̀mù tó lẹ ara rẹ̀ pọ̀ lè ti gbẹ. Ó lè ṣí kúrò lọ́jọ́ tí wọ́n bá tẹ bíréèkì gidi.

Mo wo bóòtù tí mo yọ, mo wo ṣúù inú náílọ́ọ̀nù. Ojúlówó ni ọ̀kan kì í ṣe, ó sì léwu. Ojúlówó ni èkejì, òun náà léwu. Nígbà náà ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ tí Bàbá fi sọ alùpùpù wọn lórúkọ, ibi tí nǹkan ti wá ló ń sọ fún wa. Kò sọ ohun tí nǹkan náà máa ṣe fún ẹni tó bá gbára lé e.

N kò fẹ́ fi Bàbá Tíṣà ṣe yẹ̀yẹ́. Mo mọ ohun tó ń dùn wọ́n. Wọ́n ń bẹ̀rù pé bí a bá ń pààrọ̀ bóòtù lónìí, ṣúù lọ́la, họ́ọ̀bù lọ́túnla, ọjọ́ kan á pé tí alùpùpù tí wọ́n rà ní 1975 kò ní sí mọ́, tí a ó sì ṣì máa pè é ní orúkọ rẹ̀. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ ti jiyàn lórí irú èyí. Plutarch kọ ọ́ pé àwọn ará Áténì tọ́jú ọkọ̀ ojú omi Theseus, tí wọ́n ń yọ pákó tó bá jẹrà tí wọ́n sì ń fi tuntun sí i, àwọn ọ̀mọ̀wé wọn sì pín sí méjì lórí bóyá ọkọ̀ kan náà ni. Àwa náà ní tiwa, a kò kàn fi jiyàn ni. Ẹ lọ wo ẹ̀kú egúngún ilé tó ti pẹ́. Aṣọ tuntun a máa wọ ara rẹ̀ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, àwọn tó gbó a máa kúrò. Kò sí ọmọ ilé náà tó máa sọ pé egúngún mìíràn ló jáde lọ́dún yìí. Bí egúngún bá lè gba abala aṣọ tuntun tí ó sì tún jẹ́ egúngún ilé wọn, mo rò pé Honda lè gba bóòtù. Ṣùgbọ́n aṣọ tuntun tó wọ ara ẹ̀kú, gbogbo ẹbí ló mọ ẹni tó mú un wá.

Ní Àkúrẹ́ àti ní ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì, bí ọba bá wàjà, ọmọbìnrin rẹ̀ ló sábà máa ń di adelé. Yóò múra bí ọkùnrin, yóò jókòó síbi tí ọba ń jókòó sí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á sì múlẹ̀. Kò sẹ́ni tí wọ́n tàn jẹ. Ìlú mọ̀ pé adelé ni, òun náà mọ̀ pé adelé ni òun. Bóòtù tí mo fi sára alùpùpù yẹn jókòó sórí ìtẹ́ láìjẹ́ pé ìlú gbọ́ pé ọba ti wàjà.

Ó ku ibi tó nira fún mi jù. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló dà bí Bàbá Tíṣà. Àwọn ọlọ́kadà ló pọ̀ jù nínú oníbàárà wa, ọ̀rọ̀ wọn kò sì ju ẹyọ kan lọ: “Ọ̀gá, ẹ ṣáà jẹ́ kó rìn.” Wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe ojúlówó ni a máa fi sí i, wọn kò ní owó rẹ̀, wọ́n sì ti gbà bẹ́ẹ̀. Bí òtítọ́ sísọ nìkan bá tó, a jẹ́ pé a lè fi wáyà so bíréèkì fún ẹni tó bá ní ká fi wáyà so ó. Ọ̀gá kì í ṣe é. Bó bá jẹ́ àga tàbí iná ẹ̀yìn ni, ohunkóhun tó bá wà nílẹ̀ ni wọ́n máa fi tún un ṣe, wọn a tilẹ̀ máa fi náílọ́ọ̀nù rán àga. Bó bá jẹ́ bíréèkì, wọ́n ní àfi ohun tó bá lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí oníbàárà gbé e lọ. Nígbà mìíràn, ó máa ń gbé e lọ. Ṣọ́ọ̀bù kejì máa ń fi wáyà so ó. Owó bọ́ lọ́wọ́ wa, wáyà sì wà lójú títì síbẹ̀síbẹ̀.

Mo bi Ọ̀gá nígbà kan pé èrè wo ló wà níbẹ̀. Wọ́n ní kì í ṣe ọlọ́kadà nìkan ló ń gun ọ̀kadà. Mo rántí ọmọ ọdún méje tó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sẹ́ni tó bi í, kò sì lè dáhùn bí wọ́n bá bi í. Ẹni tó ń rọ́pò ojúlówó máa ń rò pé ẹni méjì ni ọ̀rọ̀ kàn, òun àti ẹni tó ń sanwó. Ẹni tó ń jókòó sẹ́yìn wà níbẹ̀. Ìyá tó ń gbé agbọ̀n kọjá títì ní ìsàlẹ̀ Màpó wà níbẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó máa ṣí họ́ọ̀bù lọ́dún méjì sí i, tí yóò sì gbà pé ohun tó bá rí níbẹ̀ ló yẹ kó wà níbẹ̀, òun náà wà níbẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kò lè fún wa láṣẹ. Nítorí náà n kò gbà pé “oníǹkan ló ní ká ṣe é” lè dá mi láre. Síbẹ̀, n kò lè dáhùn ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù kejì. Bí mo bá jẹ́ ọ̀gá lọ́la, tí ọmọ mi sì ń dúró de owó ilé ìwé, n kò lè búra ohun tí màá ṣe fún ọlọ́kadà tó ní kó ṣáà rìn.

Ti Bàbá Tíṣà ni mo mọ bó ṣe parí. Èmi àti Ọ̀gá lọ sí Gate. A béèrè bóòtù ojúlówó ní ọ̀pọ̀ ìsọ̀, a kò rí i, bẹ́ẹ̀ ni a sì ti wá a nígbà yìí. A ra bóòtù 8.8 kan tó gùn ju ohun tí a nílò lọ, kí ibi tó dán lára rẹ̀ lè gùn tó. A gé ìparí rẹ̀, a lu ihò píìnì sí i. A gbé irin gbọọrọ náà lọ fún wẹ́dà, wọ́n dí ihò tó ti fẹ̀, a sì lu òmíràn. A gùn ún lórí ilẹ̀ pẹlẹbẹ, a tẹ bíréèkì, a wo nọ́ọ̀tì. Ọ̀gá gbé mi sẹ́yìn, a sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, a tún wò ó. Ṣúù ọjà náà dúró síbi tó wà. Bàbá Tíṣà gbé ṣúù ti àpótí padà sínú àpótí, wọn kò sì bá Ọ̀gá sọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀gá ní kí n ya ojú ewé kan nínú ìwé àjákọ mi, kí n kọ ohun tí a pààrọ̀ sí i, irú bóòtù tó jẹ́, ọjọ́ tí a ṣe é, àti ohun tí ẹni tó bá máa ṣí i gbọ́dọ̀ kíyè sí. Mo kọ ọ́, mo wé e sínú náílọ́ọ̀nù, mo fi í sábẹ́ àga Ojúlówó, níbi tí sípánà máa ń wà.

Ní oṣù Kejìlá, Bàbá tún gbé e wá kí a bá wọn fún ṣéènì. Mo gbé àga sókè. Ìwé náà ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ti fi báírò pupa tún àmì ohùn mi ṣe ní ibi mẹ́fà, wọ́n fún mi ní mẹ́fà nínú mẹ́wàá, wọ́n sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé kí n tún un kọ ní mímọ́ kí n sì fi í padà síbẹ̀.